Ògiri Tí Wọ́n Fẹ́ Mọ Padà

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ni ní ìṣirò. Ohùn rẹ̀ le débi pé bó bá pe nọ́ńbà, ẹyẹ orí òrùlé á dáhùn. Ìyá Ìṣirò ni gbogbo ayé ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́, títí wọ́n fi wó ògiri tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ náà àti ti ọmọkùnrin, tí wọ́n da gbogbo wọn pọ̀.

Làásìgbò bá dé. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, ẹni tó bá mọ ìdáhùn á kọ́kọ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn lé e lórí kó tó sọ ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin, ẹni tó bá tètè pariwo ló jẹ. Kí àwọn ọmọbìnrin tó jiyàn tán, ariwo ti sọ, Ìyá Ìṣirò sì ti bọ́ síbi tó kàn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin fi panu mọ́. Máàkì wọn wá ń já wálẹ̀ bí ọsàn tó ti pọ́n jù.

"Ká mọ ògiri wa padà," ni Ọ̀gá àgbà wí. "Orí obìnrin ò gba ìṣirò níṣojú ọkùnrin."

Ìyá Ìṣirò ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin ni yàrá sáyẹ́ǹsì wà. Bí ògiri bá dìde, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ò ní ríbẹ̀ wọ̀ mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì."

Lọ́jọ́ Ẹtì, bíríkìlà ti kó blọ́ọ̀kù jọ síta, Ọ̀gá sì wá wòran nínú kíláàsì. Ìyá Ìṣirò mú wọn jókòó ní méjì-méjì, ọmọkùnrin kan pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, ó pín síléètì fún gbogbo wọn, ó sì kọ ìṣirò kan sójú pátákó.

"Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ pariwo. Ẹ jiyàn wúyẹ́wúyẹ́, kí kálukú kọ tiẹ̀, ká gbé e sókè pọ̀. Ọ̀gá, tiyín rèé."

"Èmi náà kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà, sà."

Kíláàsì bá ń hó bí ilé oyin.

"Ìlọ́po méjì ni, kì í ṣe ìdajì!" ni ọmọbìnrin kan ń sọ fún ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi.

"Dúró ná... Ó dáa, mo gbà."

"O ò ní gbà kẹ̀!"

Síléètì gòkè. Èyí tó tọ̀nà kún ọwọ́ ọmọbìnrin bó ṣe kún ọwọ́ ọmọkùnrin. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá àlébù tì.

"Ọ̀gá, tiyín ńkọ́?"

Ọ̀gá ti fi tiẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó ń fi ìdí ẹ̀wù nù ún. Òógùn tó bọ́ lójú rẹ̀ tó fọ síléètì kíláàsì mẹ́ta, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀. Ó sáré yọjú sí bíríkìlà.

"Ẹ má mọ ògiri mọ́. Ẹ fi blọ́ọ̀kù yẹn mọ ìjókòó fún wa lábẹ́ igi."

"Ti ọkùnrin àbí ti obìnrin?"

"Ti àwọn oníyàn," ni Ọ̀gá dáhùn, síléètì rẹ̀ ṣì há sí abíyá.