Ẹja Tó Dúdú Jù

Lábúlé wa létí òkun, bí ẹja yíyan kò bá dúdú dáadáa, a máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló yan án. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà kan láti Igbókòdá sọ fún ìyá mi pé òun ń kó ẹja rẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ìyá mi fi ọjọ́ méjì kún iye ọjọ́ tó máa ń yan án. Aládùúgbò wa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹja rẹ á rí òkè òkun kí ìwọ tó rí Èkó."

Wọ́n kọ ẹja náà ní èbúté Yúróòpù lọ́hùn-ún, wọ́n sì dáná sun ún. Oníbàárà náà mú ìwé wọn wá, mo sì kà á fún ìyá mi: èéfín inú ẹja náà ti ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ.

"Èéfín kẹ̀? Kí ni wọ́n rò pé a fi ń yan ẹja?"

Mi ò lè sọ pé òfin náà burú. Èéfín tó pọ̀ lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Àmọ́ ẹja inú yìnyín láti òkè òkun kún ọjà Igbókòdá, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ni kí n máa yan án?" ni ìyá mi bi mí.

Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ ọjọ́. Mo ní, "Màámi, mi ò mọ̀."

Oníbàárà náà ní òun ò ní rà mọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkọ̀ àwọn apẹja gúnlẹ̀, ìyá mi kò jáde lọ ra ẹja lọ́wọ́ wọn.