Tábìlì Tó Ń Ká Mọ́ Ògiri

Káfíńtà ni ọkọ mi. Nígbà tá a wà ní yàrá kan láàárín ìlú, ó kan tábìlì kan tó ń ká mọ́ ògiri, torí tá a bá jẹun tán, a gbọ́dọ̀ ká a ká tó ríbi tẹ́ ẹní.

Owó yàrá kan ṣoṣo yẹn ló gba yàrá méjì àti pálọ̀ fún wa létí ìlú níbí. Síbẹ̀, kíká tábìlì ti mọ́ ọn lára. Lánàá, ìyá mi ṣì ń jẹun lọ́wọ́ tí ọkọ mi fi dìde, tó ń ká a.

Ìyá mi gbé àwo sókè. "Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ ká èmi náà mọ́ ògiri ni?"

Inú bí mi. Mo mú òòlù ọkọ mi, mo fi ìṣó mẹ́rin kan tábìlì náà pa kó má lè ká mọ́.

Ọkọ mi padà jókòó, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti fẹ́ ẹ, àná ni mo kọ́kọ́ rí i tó jẹun tán, tó ṣì jókòó ti tábìlì.