Omi La Lọ Bẹ̀bẹ̀ Fún, Ọlọ́pàá Ni Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Ọdún tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá sá lọ bí àlejò tó gbàgbé nǹkan sílé, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ ń ka èyí, àwọn kan nínú yín ti ń gun ọ̀kadà nígbà náà, ẹ kàn ń fi ariwo rẹ̀ dí wa létí ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní abúlé wa lẹ́yìn Itori. Bírò mẹ́ta ló máa ń wà ní àpò àyà mi. Ọ̀kan péré ló ń kọ̀wé nínú wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? "Tíṣà" ni gbogbo ayé ń pè mí, èmi náà sì gbà pé ohun tí mo bá ti kọ sílẹ̀ ti di òtítọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í dédé sun oko. Tí a bá ti ṣán igbó tán, a ó ro etí oko yíká títí ilẹ̀ yóò fi hàn, a ó wá dúró de àkọ́rọ̀ òjò. Bí òjò yẹn bá ti rọ̀, a ó ka ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, ewé tí a ṣán sílẹ̀ ti gbẹ padà, ṣùgbọ́n igbó tó dúró yíká ṣì tutù, iná kò lè rí i jẹ. Baba Olóko, olórí àwọn àgbẹ̀, ni yóò pàṣẹ pé kí á ṣáná. Bàbá rẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ náà ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn, bí òjò ṣe dá ni mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọjọ́ sára pátákó ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ kejì ni oòrùn ti padà bí ẹni tó wá gbẹ̀san. Ọyẹ́ tó ti dágbére tún yí ẹsẹ̀ padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Ràfíà wá bá mi lábẹ́ pátákó.

Aláró ni Ìyá Ràfíà. Abẹ́òkúta ló ti ń rẹ aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ra aró oníyẹ̀fun lọ́jà, òun ṣì ń gbin ewé èlú nítòsí abúlé wa láti fi ṣe aró, nítorí ó ní aró oníyẹ̀fun kò ní òórùn. A jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀wọ̀ kankan fún mi.

"Tíṣà, lọ wo igbó tó yí oko ká yẹn. Ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi gúgúrú."

"Ọjọ́ méje kò tíì pé."

"Ṣé ọjọ́ ni mo bi ọ́? Ewé ni mo ní kí o wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ máa fi ojú yẹn wo aṣọ, kó fi oko sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. A ka ọjọ́, a kò wo ewé.

Ní ọjọ́ keje, a ṣáná. Kí ẹni tó lọ bu omi tó dé, iná ti fo etí oko. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jẹ ẹ̀gẹ́, ó jẹ ọ̀pẹ, ó jẹ abà tí Baba Olóko kó àgbàdo sí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó sùn sínú àwọn kùkùté ọ̀pẹ, ó ń rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmọ́ lọ́sàn-án, bí ìrun Àsárì bá ti ń sún mọ́, afẹ́fẹ́ á dìde, á sì jí i. Oko èlú Ìyá Ràfíà nìkan ló kù láàárín iná àti ilé wa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìsá, darandaran ni. Òdìkejì odò ló tẹ̀dó sí, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi tó fi ń fi Yorùbá wa bú wa. Lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń ra wàrà. Fún ọjọ́ méjèèjì yẹn, Ìsá ń fi alùpùpù gbé kẹ́ẹ̀gì omi láti odò wá sí etí oko èlú, títí iná fi jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán. Òun àti Ìyá Ràfíà ni wọ́n jọ ń fi ewé tútù na iná lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwa onímọ̀ jókòó ìpàdé.

A fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba pé kí wọ́n fún wa ní ọkọ̀ panápaná. Baba Olóko ní, "Tíṣà, bí o bá kọ ọ́ pé àwa la ṣáná, ta ni yóò fún wa lómi?"

Mo yọ bírò tó ń kọ̀wé. Mo kọ ọ́ pé àwọn darandaran kan ló fi iná sí igbó. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe tu ara mi nínú nìyẹn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláró ìlú tí Ìyá Ràfíà ránṣẹ́ sí ti ń dúró dè wá níbẹ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn gba Ṣàpọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, olúkúlùkù ru abọ́ eérú oko wa. Ọkùnrin kan ń bi wá pé ṣé eérú là ń tà ni. Aláró kan dá a lóhùn: "A ń gbé e lọ fún àwọn tó ń sùn, kí wọ́n fi bọ́jú." Orin wa kò gùn: "Omi la fẹ́, a ò fẹ́ àlàyé." Èmi ni mo ń dá a, mo sì mọ̀ pé ohùn mi dùn.

Ọ̀gá kan tó wọ gíláàsì jáde sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Ó ní ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí àwọn ìyá fara balẹ̀.

"Ọ̀gá, iná ni kí ẹ lọ bẹ̀ pé kó fara balẹ̀," Ìyá Ràfíà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, á ti jí."

Mo na lẹ́tà mi sí ọ̀gá. Bó ṣe ń kà á lọ, ojú rẹ̀ yí padà. "Darandaran? Kí ló dé tí ẹ kò tètè sọ? Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú mà nìyí."

Ìyá Ràfíà yíjú sí mi. "Darandaran wo, Tíṣà?"

"Jẹ́ ká rí ọkọ̀ gbà ná."

Ó sún mọ́ àtẹ̀gùn. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń là: "Ọ̀gá, àwa la fọwọ́ ara wa..."

Mo gbé orin sókè. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yìn mí pé mo lóhùn, ohun tí mo fi ohùn náà ṣe nìyẹn. Gbogbo èrò gbè é, ohùn obìnrin náà sì rì sínú rẹ̀ bí aṣọ funfun tó rì sínú aró. Ọ̀gá wọlé lọ tẹ fóònù. Nígbà tó padà jáde, ó ní, "Ọkọ̀ ti gbéra." Wọ́n gbé mi sókè lọ́jọ́ náà. Mo fi ọwọ́ di bírò mi mú kó má baà já bọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Ìyá Ràfíà gbé abọ́ eérú rẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ọkọ̀ ti ṣáájú wa délé lóòótọ́. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀ ju èyí tó wà nínú ike tí dírẹ́bà ń mu. Wọ́n ti de ọwọ́ Ìsá sẹ́yìn, kẹ́ẹ̀gì omi ṣì wà lórí alùpùpù rẹ̀, ọ̀kan ń jò.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ sọ fún wọn."

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú." Wọ́n gbé e lọ.

Afẹ́fẹ́ dìde. Kò sí ẹni tó ń gbé omi mọ́. Kí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá tó nu ojú, oko èlú ti lọ, iná sì mú ilé Baba Olóko àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. A gbé ọmọ pọ̀n, a sá lọ sójú títì, a dúró, a ń wò ó. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ìyá Ràfíà fúnra rẹ̀ ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ sọ òtítọ́. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dá Ìsá sílẹ̀. Ó kó ìyàwó, ọmọ àti màlúù, ó lọ. Kò bú wa kó tó lọ. Ìbá sàn kó bú wa.

Ẹ ó bi mí pé kí la rí jẹ níbẹ̀. A gba ọkọ̀ panápaná kan nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e sí Itori, a jó, a yọ̀. Alángbá ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí, táyà rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀. A kì í ka ọjọ́ méje mọ́; àwọn obìnrin ló ń já ewé igbó, wọ́n á rún un lọ́wọ́. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná. Àmọ́ ọdún mìíràn wà tí ewé máa ń fọ́ títí àkókò ìgbìn á fi kọjá, tí ebi á sì wọlé dípò iná. Òjò kò bá wa ṣe àdéhùn mọ́. Mi ò ní irọ́ kankan tí mo lè fi tù yín nínú lórí ìyẹn.

Ìyá Ràfíà gbá eérú oko èlú rẹ̀ jọ, ó sẹ́ omi rẹ̀, ó fi po ìwọ̀nba èlú tó kù nílé rẹ̀, ó rẹ aṣọ kan tó kẹ́yìn. Aró oníyẹ̀fun ló ń lò báyìí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí òórùn èéfín bá ń bọ̀ láti ibì kan, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Tíṣà, lẹ́tà kejì ńkọ́?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní bírò ti gbẹ.

Ìyá Ràfíà, lẹ́tà kejì nìyí. Àwa la ṣáná. Èmi ni mo kọ ọjọ́ náà sára pátákó. Omi ni Ìsá ń gbé.