Bí A Ṣe Bẹ̀bẹ̀ fún Mísà Agogo Méjìlá

Bí mo bá ti gbóòórùn kóòtù òjò tó ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ọkàn mi a padà sí yàrá ìpàdé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tallaght, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro Dublin ń parí sí. Nínú yàrá yẹn ni mo ti jókòó fún ọdún mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀ páríṣì. Ìgbà náà ni owó ń rìn ní Ireland. Àwọn ìwé ìròyìn ń pe ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ní Ẹkùn, kìrénì ìkọ́lé sì dúró káàkiri ojú ọ̀run bí ẹyẹ àkàlà. Ẹni tó ta ilé kan lónìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí yóò ra méjì lọ́la. Ohun kan ṣoṣo tó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ìlú ni àlùfáà.

Fádà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti dàgbà, ló fà mí wọ ìgbìmọ̀ náà. Ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, ó ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ṣojú fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo bi í léèrè ohun tí ìgbìmọ̀ ń ṣe. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “À ń mu tíì.” Mo rò pé àwàdà ni. Níbi tí mo ti wá, ìgbìmọ̀ ìjọ kì í ṣe ohun eré. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n ń yan alága ìkórè, wọ́n sì ń bínú síra wọn títí ikú yóò fi yà wọ́n. Mo ti kàwé ní yunifásítì Ìbàdàn láyé ọjọ́un, ìmọ̀ ìtàn ni mo kọ́, mo sì gbà pé ọjọ́ tí Ìjọ Mímọ́ nílò irú mi ti dé. Mo ra táì tuntun.

Kò pẹ́ tí mo wọlé ni wọ́n gbé àlùfáà kékeré wa lọ sí páríṣì mìíràn. Ó wá ku Fádà àgbà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni Mísà mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀: ti ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ti agogo mẹ́wàá Sọ́ńdè, àti ti agogo méjìlá. Fádà ní apá òun kò ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, ìgbìmọ̀ ni yóò sì sọ èyí tí yóò lọ.

Ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ òru Sátidé sì ni wọ́n máa ń fún un. Tó bá dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, a sùn díẹ̀, a dìde, a wẹ̀, a wé gèlè, ó di Mísà agogo méjìlá. Ó ní Mísà yẹn ló ń rán òun létí pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí ojú wọn pọ́n, tí wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn jí nígbà ìwàásù. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tó ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Agogo kan ọ̀sán ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì tí ì rí ẹni tó mọ ìgbà tó ń parí. Ọ̀rẹ́ náà ti ń pè é tipẹ́, ó sì mọ ìrẹsì í sè.

“Dádì,” ìyàwó mi wí, “tí wọ́n bá mú Mísà yẹn kúrò, mi ò ní jókòó sílé bíi kèfèrí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa lọ.”

Kò pariwo. Obìnrin yìí kì í pariwo nígbà tó bá ti pinnu. Mo wá rí ara mi lọ́kàn, èmi nìkan lórí ìjókòó tí àwa méjèèjì ti ń jókòó láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí, tí màá máa kọ orin níwájú àyè òfìfo. Mo mọ̀ pé màá ṣi ohùn.

Nítorí náà mo múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn àpọ́sítélì, ó gba Róòmù kọjá, ó sì ní Látìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ́ wa pé ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi nínú kì í sáré bọ́ sójú agbo. Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ sọ tiwọn, àgbà yóò dákẹ́, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọn yóò wá yíjú sí i pé, “Bàbá, kí lẹ rí sí i?” Mo jókòó, mo dákẹ́ bí àgbà. Alága wa, obìnrin kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì, dárí wa láti orí òrùlé tó ń jò dé orí òdòdó pẹpẹ. Nígbà tó kan Mísà, ó ní ó dà bí ẹni pé èrò agogo méjìlá kò fi bẹ́ẹ̀ kún. Ẹnì kan mi orí. Ẹnì kan ní ó ṣeé ṣe. Mo tún táì mi ṣe, mo wúkọ́ díẹ̀, mo ń retí kí ó yíjú sí mi. Ó ní, “Grand,” ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ohun gbogbo níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ṣí agolo bísíkíìtì.

Níta, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo bá ọkùnrin gíga kan tó ń tọ́jú aṣọ àti ohun èlò pẹpẹ. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ kí n tó dé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ láì ya ẹnu. Mo bi í pé, “Ìgbà wo la máa wá pinnu ọ̀rọ̀ Mísà?”

“A ti pinnu rẹ̀. Agogo méjìlá ló ń lọ.”

“Níbo la ti pinnu rẹ̀?”

Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀ tí a dúró lé, láàárín ọkọ̀ rẹ̀ àti ti alága. “Níbí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

“Kí la wá lọ ṣe nínú ilé?”

Ó wo ojú ọ̀run. “Òjò ń rọ̀,” ló wí.

Mo délé, mo rò ó fún ìyàwó mi níbi tó ti ń jẹun. Ó gbọ́ mi tán.

“Ẹ̀yin ń kọ́? Kí lẹ sọ?”

“Mo ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn mí.”

“Ẹ kú ìdúró.”

Ọmọbìnrin wa, tó ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí tábìlì kan náà, gbé orí sókè, ó fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ sọ pé ṣebí kí n kàn fóònù alága kí n sì sọ fún un. Àwa méjèèjì wo ọmọ náà pẹ̀lú àánú. Ta ló ń fi fóònù bẹ̀bẹ̀?

“Alága yẹn,” ìyàwó mi wí, “ṣé ó lọ́kọ?”

“Kò lọ́kọ.”

“Ìyá ń kọ́?”

“Ìyá rẹ̀ wà. Wọ́n jọ ń gbé ni. Yóò ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ìyá ẹ̀ wà láyé, ẹ wá jókòó síbí.”

Ní ilé bàbá mi, kò sẹ́ni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà, àfi bí ẹni pé yunifásítì ló gbé e pamọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, kí ìyàwó mi tó lọ síṣẹ́, a ra iṣu kan tó dúró dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. A kì í sì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, nítorí náà mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa, ọmọ Ìsẹ́yìn, mùsùlùmí tó ń wa takisí.

“Ẹ̀gbọ́n, ìjà ni àbí ẹ̀bẹ̀?”

“Ẹ̀bẹ̀ ni.”

“Ẹ jẹ́ n wọ bàtà.” Kò béèrè ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún títí a fi dé ọ̀hún.

Alága ló ṣílẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé ìyá la wá kí. Ó wo iṣu, ó wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mú wa wọlé, ó sì lọ gbé omi tíì kaná. Ìyá náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó fi kúbùsù bo ẹsẹ̀. Àyè kò gba ìdọ̀bálẹ̀ láàárín tábìlì kékeré àti ajá tó sùn, nítorí náà ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wa kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà wò wá. Ó ya àmì àgbélébùú, ó fa Rósárì yọ láti inú àpò ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀: “Ní orúkọ Bàbá.”

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láyé àtijọ́ tiwọn, kò sí ohun mìíràn yàtọ̀ sí Rósárì tí í mú èèyàn kúnlẹ̀ ní pálọ̀ onílé. Kò sí bí a ṣe lè dìde. Ìyàwó mi ń gbè é, èmi náà ń gbè é. Aládùúgbò wa kò mọ ọ̀rọ̀ àdúrà náà, ṣùgbọ́n ó tẹrí ba, kò sì yọ aago wò. Nígbà tí alága gbé tíì wọlé, tó rí ohun tí pálọ̀ rẹ̀ ti dà, ó dúró. Ìyá rẹ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ ọdún méje. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Rósárì parí, ṣùgbọ́n àdúrà kò parí. Ìyá gbàdúrà fún àwọn òkú, fún àwọn tó wà lójú òkun, fún ìyípadà ọkàn àwọn ará Rọ́ṣíà. Ó wá yíjú sí wa.

“Ẹ̀yin ń kọ́? Kí lẹ̀ ń tọrọ?”

“Mísà agogo méjìlá ni, Mà,” ìyàwó mi dáhùn. “Wọ́n fẹ́ mú un kúrò. Òru Sátidé ni mo ń ṣiṣẹ́.”

“Ta ló fẹ́ mú un kúrò?”

Gbogbo wa ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá pa ojú dé, ó ní kí Ọlọ́run fi Mísà agogo méjìlá sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì yìí, kí ó sì fún ẹni tó fẹ́ mú un kúrò ní ọgbọ́n. A ṣe àmín. Ti aládùúgbò wa ló dún jù. Ìyá la ojú, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì ń dúró.

“Àmín, Mámì,” alága wí.

Ó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé,” ó wí.

“Ẹ kò bi mí.”

“Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni níbí,” ó wí. “Ṣe lèèyàn ń sọ ọ́.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo dé ìpàdé ní àsìkò, mo ń lọ sínú yàrá. Ọkùnrin gíga yẹn pè mí láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí òun àti alága dúró sí nínú òjò. “Máa bọ̀ níbí,” ó wí. “Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀.” Mísà ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló lọ. Nígbà tí a wọlé, a mu tíì. Ní ti iṣu, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Ó hù. Ìyá náà ń bomi rin ín bí òdòdó títí ó fi papò dà.

Ó ti pẹ́. Ẹkùn yẹn kú, kìrénì wólẹ̀, wọ́n sì tún ti padà. Ìyàwó mi náà ti sùn, agogo méjìlá ni wọ́n ṣe Mísà ìsìnkú rẹ̀, n kò sì gbà kí wọ́n fi í sí ìgbà mìíràn. Ọmọbìnrin wa, ẹni tó ní kí n fóònù, ni alága ìgbìmọ̀ páríṣì báyìí. Àlùfáà kan ni wọ́n ń pín láàárín ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, mo sì gbọ́ pé wọ́n tún ń wo Mísà tí wọn yóò mú kúrò. N kì í dá sí i. Mo ti kọ́ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò bi mí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti bàbá mi ni ara mi fẹ́.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan láti ilẹ̀ Íńdíà kan ilẹ̀kùn wa, olùtọ́jú aláìsàn lóru ni ọkọ. Wọ́n gbé páálí máńgòrò kan dání. Wọ́n sọ fún ọmọ mi pé Bàbá làwọn wá kí. Mo gbọ́ ọ láti orí àga mi. Mo ní kí ó mú wọn wọlé, kí ó sì lọ po tíì wá. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún àwọn àlejò mi pé kí wọ́n kúnlẹ̀, mo sì mú Rósárì ìyá rẹ̀ jáde.

Ó gbé tíì dé, ó rí wa. Ó mọ ìtàn náà, inú ilé yìí ló dàgbà sí. Tíì ti tutù kí ó tó ṣe àmín.