Ìkànnì Tí Mo Fẹ́ Wó

Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní Egan, òórùn méjì ló máa ń bá wa wọlé láàárọ̀: ti ààtàn tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà Igando, àti ti símẹ́ńtì tútù láti ẹ̀yìnkùlé wa. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn. Àlájì onílé wa, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà, ti kó sínú ilé rẹ̀ kí ó tó rẹ́ ẹ, kí ó tó kùn ún, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó pé. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń ṣe nǹkan kan sí i. Lọ́sẹ̀ kan á rẹ́ ògiri balùwẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì á pààrọ̀ páànù kan ṣoṣo tó ń jò. Àwa ayálégbé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé ilé Àlájì kò ní parí títí ayé.

Ní tèmi, sùúrù mi kò gùn. Mo ní ìkànnì kan lórí ayélujára tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ kóòdù rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń kọ ìtàn ìyá mi sí láti ìgbà tó ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wó o tí mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé mo rí ti ẹlòmíràn tó dùn ún wò ju tèmi lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì wó o, ó lè tó oṣù méjì tí kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà níbẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá rẹwà jù. Fọ́tò ìyá mi gba gbogbo ojú ìwé látòkè délẹ̀, àwọn lẹ́tà sì ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, kíá ló ń ṣí.

Ṣùgbọ́n bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé nílùú wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Fóònù rẹ̀ ti gbó, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ sì ń wá, ó ń lọ. Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú. Dókítà ní ti ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á pè mí.

"Mo ti ṣí i. Òbìrìkìtì kan ló ń yí."

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, Bàbá."

"Mo ti jẹun tán, ó ṣì ń yí."

Ní ọjọ́ kan, ó ní, "Àbí o ò fẹ́ kí n kà á ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú rẹ̀ lè lọ pátápátá kí ó tó rí ohun tí mo kọ nípa ìyàwó rẹ̀. Mo pinnu pé tó bá di Sátidé, n ó tún wó o.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ lọ́jọ́ náà nítorí ooru. Àlájì ń kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ wíndò kan. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fajú ro, mo sì ṣàlàyé.

"Kí ló ń dí bàbá ẹ lọ́nà níbẹ̀ gan-an?"

"Fọ́tò ni, sà. Ó tóbi jù."

Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. "Torí ilẹ̀kùn kan tí ò ṣí lo ṣe fẹ́ wó odindi ilé? Níbo ni bàbá á wá sùn kó o tó kọ́ òmíì tán? Tún ilẹ̀kùn ṣe, jàre."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Èmi tí mo ń fi ilé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, inú rẹ̀ ni mo ti ń sùn láti ọdún mẹ́ta, òjò kò sì pa mí rí.

Lọ́jọ́ náà, fọ́tò nìkan ni mo dín kù, mo sì pa kọ̀ǹpútà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi láti fọwọ́ kan ìyókù. Lọ́jọ́ kejì bàbá mi pè, ó ní, "Mo rí gèlè ìyá rẹ lónìí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ní Sátidé kejì, mo yọ kóòdù tó ń mú àwọn lẹ́tà rìn kúrò. Bàbá ní òun ti rí ojú ìyá mi, ohùn Bàbá sì yí padà. Ní ẹ̀kẹta, mo mú kí lẹ́tà tóbi, kí ó sì dúdú dáadáa. Ní ẹ̀kẹrin, mo ya àwọn ìtàn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà máa rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò pè. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tó pè.

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "O káre. Àmọ́ àṣìṣe kan wà níbẹ̀."

Mo ti kọ ọ́ pé ìyá mi fẹ́ràn atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́, pé ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbé àpótí síwájú ilé lójoojúmọ́, tí á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ìyá rẹ ò fẹ́ràn atẹ́gùn. Òtútù kì í bá a lára mu. Ẹ̀yin ọmọ ló ń dúró dè. Tí ẹni tó kẹ́yìn bá ti wọlé, á gbé àpótí rẹ̀ wọlé."

Nínú àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi ni mo máa ń wọlé kẹ́yìn.

Mo máa ń rò ó pé ká ní mo ti wó ìkànnì yẹn ni, n bá ṣì máa kọ́ ọ lọ́wọ́, kí ó lè dára, irọ́ atẹ́gùn yẹn á sì ṣì wà nínú ẹwà rẹ̀. Ìkànnì tó kù díẹ̀ káàtó náà ni bàbá mi rí wọlé sí, òun ló sì wá tún un ṣe fún mi. N kò wó ohunkóhun mọ́ láti ìgbà náà. Àlájì ṣì ń bá ilé rẹ̀ lọ. Mo máa ń bá a di àkàbà mú nígbà mìíràn. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tí Bàbá pè yẹn, ìlà kan ṣoṣo ni mo tún ṣe: mo yọ atẹ́gùn kúrò, mo sì fi àwa ọmọ sí i.