Pèrègún Tí Wọ́n Gbé Lọ Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo fẹ́ kó yé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé róòsì ni mo rà. Mi ò sọ pé “òdòdó kan ṣá”, mi ò sì sọ pé “ohun tí ẹ bá rí”. Róòsì pupa kan ni, nínú ìkòkò amọ̀, èyí tó ti yọ ìrudi ṣùgbọ́n tí kò tíì là tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí obìnrin onífúláwà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì ní Ìjànikin, ọ̀rọ̀ náà sì wà lórí fóònù mi di òní. Mo kọ àdírẹ́sì. Mo kọ ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ kọ sínú káàdì. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé kí ọlọ́kadà tó máa gbé e má so ó le jù, nítorí mo mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí láti Ìjànikin dé Àgbádárìgì. Obìnrin náà fèsì pé, “Ó ti yé mi mà, ẹ fọkàn balẹ̀.” Mo sì fọkàn balẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo fẹ́ fi òdòdó náà ránṣẹ́ sí. Ó fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Nígbà tí mo kúrò ní Èkìtì wá kàwé, yàrá kan ṣoṣo tó háyà ní Ìjànikin ni èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé. Ó fi kọ́tìnì pín in sí méjì, ó sì fún mi ní apá tí fèrèsé wà. Sẹ̀mẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kan, ó gbé igi róòsì kékeré kan bọ̀ láti Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè, ó gbìn ín sínú garawa ọ̀dà tó ti ṣófo, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn ará ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan tó ń gbé yàrá kejì bi í pé, “Bàbá Sẹ̀mẹ̀, ṣé ẹ máa sè é ni àbí ẹ máa lọ̀ ọ́?”

Ó ní rárá o, àbúrò òun ń ṣe ìdánwò ni, òun fẹ́ kó máa rí nǹkan tó rẹwà kó tó jáde láàárọ̀.

Ìyá náà ní, “Ẹ fún un lẹ́yin jẹ.”

Ọkùnrin yẹn ni mo wá kọ lẹ́tà sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà, torí mi ò lè máa ka ẹ̀ṣẹ̀ onífúláwà kí n fi tèmi pamọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ra pulọ́ọ̀tì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà Ìkógà. Ó kọ́lé sórí tirẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì; koríko àti igi àgbọn mẹ́ta ló ṣì wà lórí tèmi. A ò mọ ògiri sáàárín. Àwọn òpó kọnkéré kéékèèké tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ gbẹ́ sókàwéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń ṣàn sí, omi ń sun ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ló bá yà díẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ tèmi tí ilẹ̀ ti ga jù. Kò sọ fún mi. Mo mú tépù, mo wọ̀n ọ́: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínǹṣì méjì. Dípò kí n wọlé lọ bi í, mo padà sílé mi ní Ìjànikin, mo tẹ lẹ́tà olójú ewé méjì lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo to àwọn ẹ̀sùn mi láti orí ìkíní dé ìkẹfà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Alága kà á sókè nínú ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀, fìlà wà lórí rẹ̀, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Ó lé ní ọdún kan.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí pé bàbá òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, pé egungun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́, pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ti padà sílé, mo gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ń sùn. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni. Bó bá lé mi, ibo ni mo tún fẹ́ máa pè nílé? Mo wá rò ó pé òdòdó lè wọlé síbi tí ẹsẹ̀ mi ò tíì lè wọ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ní kí wọ́n kọ sínú káàdì: “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá kí yín.”

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni àwòrán dé sórí fóònù mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí: ọlọ́kadà á ya ẹrù pẹ̀lú ẹni tó gbà á, kí oníbàárà má baà sọ pé kò dé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ike ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù. Ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ìkòkò tánganran funfun tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ lọ́rùn, pèrègún ni mo rí. Pèrègún! Ó ga dé èjìká rẹ̀, wọ́n ti nu ewé rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Ẹni tó bá dàgbà lóko nílẹ̀ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà ilẹ̀. Níbi tó o bá ti bá a lóko, ilẹ̀ ẹnìkan parí síbẹ̀, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ilẹ̀, ó wá ń ṣàìsàn, mo sì rán ààlà sí i, mo so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Nínú àwòrán yẹn, kò wo kámẹ́rà. Pèrègún ló ń wò.

Mo pe onífúláwà.

“Ẹ káàsán mà! Ṣé ẹ ti rí fọ́tò? Ó rẹwà, àbí?”

“Kí ni mo ní kí ẹ gbé lọ?”

“Róòsì ni mà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun ti jó gbogbo ìrudi wọn, mi ò sì lè gbé ìdọ̀tí fún oníbàárà mi. Ni mo bá fi dirasínà rọ́pò ẹ̀. Ó wọ́n ju róòsì lọ o, mi ò kàn fowó lé e fún yín ni.”

“Pèrègún lẹ gbé lọ.”

“Dirasínà ni mà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà?”

“Súrùlérè ni mà.”

“Ẹ bá mi bi ìyá yín kí ni orúkọ ewé yẹn.”

“Àwọn báǹkì ló ń rà á jù mà. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà níyì.”

“Káàdì mi ńkọ́?”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń gbé èyí, tó ń sọ tọ̀hún kalẹ̀. “Yéè! Mà, ó wà lórí tábìlì níbí.”

Ó pààrọ̀ ohun tí mo rà láì bi mí. Ó gbàgbé káàdì. Ó wá rántí láti lẹ orúkọ mi gàdàgbà mọ́ ara ìkòkò, débi pé ohun kan ṣoṣo tó dá ẹ̀gbọ́n mi lójú ni pé èmi ni mo rán an. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà, mi ò pariwo. Nígbà tí inú bá bí mi gan-an, ohùn mi máa ń lọ sílẹ̀ ni.

Mi ò padà ní ibùdókọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo wọ ọkọ̀ dé Àgbádárìgì, mo gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìkógà, mo sì ń to àlàyé mi jọ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀, ó ti ní ìfáàrà.

Ìkòkò funfun náà ni mo kọ́kọ́ rí lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfìfo, ríbọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú àgbàlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá onírin mú. Ọkùnrin tó máa ń bá a ro koríko ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀. Ó kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbin pèrègún náà, wọ́n ti bomi rin ín. Kò sí lórí ààlà. Inú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló wà, ó súnmọ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ débi pé ewé rẹ̀ ń kan nẹ́ẹ̀tì.

“Bọ̀dá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

“Kuabọ,” ó fi èdè Ègùn kí mi káàbọ̀, bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ̀ rí. “Ìyá Lẹ́tà. Mo rí iṣẹ́ tí o rán.”

“Bọ̀dá mi, kì í ṣe...”

“Jẹ́ n sọ ọ́ tán kí ẹsẹ̀ mi tó rẹ̀ mí. Sókàwéè ti wà nílẹ̀, kò ṣeé gbé. Mo gba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn, mo ti fi mẹ́fà dá a padà fún ọ níwájú, títí dé ìdí pèrègún yìí. Mo fi ínǹṣì méjì yẹn kún un. Yọ tépù rẹ, kó o wọ̀n ọ́.”

Gbogbo àlàyé mi fò lọ, tòun ti ìfáàrà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Róòsì ni mo rán.”

Ó wo pèrègún, ó wò mí. “Èyí ni róòsì?”

“Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni.”

“Róòsì di pèrègún lójú ọ̀nà Àgbádárìgì! Gbogbo ọdún tí mo lò ní Sẹ̀mẹ̀, mi ò rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí.”

Mo ṣí fóònù mi fún un. Ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́, ó ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ káàdì, ó ka ìyẹn sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá kí yín.” Ó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì.

“Ta ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ?”

“Ẹ ò gbé ìpè mi.”

“Ojú ló ń tì mí.” Ó wo ibòmíràn. “Kì í ṣe ti ilẹ̀. Bó o bá ní o fẹ́ gbogbo ẹ̀, màá kó jáde. Nígbà tí alága ń kà á, tí gbogbo wọn ń wo ojú mi, inú mi ń bàjẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n mò ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, ọmọ yìí mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ o! Èmi ni mo ra díṣọ́nárì tó fi kọ́ ọ. Orí mi ń wú, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe.”

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan láti tò. “Ẹ foríjì mí, Bọ̀dá mi. Ó yẹ kí n wọlé wá bi yín.”

“Ó yẹ kí èmi náà sọ fún ọ kí n tó gbẹ́ ẹ. Dìde, iyanrìn yẹn gbóná.”

Mo dìde. Mo ní màá hú pèrègún náà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ta ní ń hú pèrègún.

“Ó dí fèrèsé yín. Mi ò sì fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kankan.”

“Ínǹṣì méjì ńkọ́?”

“Bọ̀dá mi!”

Ó rẹ́rìn-ín, ló bá yára fi ọwọ́ di ìgbáròkó mú, nítorí ẹ̀rín náà dùn ún. Mo wá ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Mo bọ́ bàtà tí mo fi ń lọ kọ́ni ní kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ó dúró tì mí, kò jẹ́ kí n sinmi.

“Ò ń fá gbòǹgbò ẹ̀ lórí. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn ní yunifásítì? Bù ú láti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀, mo ní!”

Mo gbé e mọ́ àyà pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni mò ń gbé e lọ.

“Igun tó kángun sí títì, lẹ́yìn àwọn àgbọn mi. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa parí sí.”

“Ilẹ̀ wa,” ó ní.

Nígbà tí mo ń tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, fóònù mi dún. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Onífúláwà ni, ó fẹ́ wá fi róòsì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.

“Rárá o, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu,” mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wí. “Ó wù mí gan-an ni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun.”

“Bọ̀dá mi, mo ṣì ní ẹjọ́ pẹ̀lú obìnrin yẹn!”

“Mo ti dá a. Ó jàre.”

Àṣìṣe mẹ́ta gbáko, obìnrin náà kò jìyà ẹyọ kan.

Nígbà tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lo ọ̀pá onírin náà. Èjìká mi ló fi ọwọ́ lé. Ó wúwo díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, inú mi sì dùn sí i. A gun ìkíní, a sinmi.

“Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá sílé ìwòsàn, kí wọ́n máa kọ́ mi ní ìrìn,” ó ní. “Ọmọ mi ò ráyè níbi iṣẹ́. Ṣé o ní kíláàsì lọ́jọ́ náà?”

“Mo ní.”

“Ó dáa, kò burú, màá...”

“Màá wá.”

A gun ìkejì. Ó mí kanlẹ̀. “Aago méje ni o.”

Mo ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ni màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Má dúró lẹ́nu ọ̀nà,” ó ní. “Wọlé.”