Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Pariwo Ni Ọ̀ṣúndé Mú

Ohun yòówù tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣúndé ará Ìkìrun yìí gbọ́dọ̀ dé etí yín, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ràn mọ́tò bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀ṣúndé kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Kòkó ló gbé e wá, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ àlejò wá. Ọdún méje ló fi ń ro oko Olútúndé ní Atosin, tó ń já kòkó, tó ń là á, tó ń sá a. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á pín in sọ́nà mẹ́ta, á mú ìdá kan. Kò sì sẹ́ni tó mọ kòkó bíi tirẹ̀. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kòkó tó gbẹ a máa dún wòràwòrà nínú àpò. Èyí tí oníjìbìtì bu omi sí kó lè wúwo kì í fọhùn. Ọ̀ṣúndé á kàn mi àpò lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún ẹ pé kí o má rà á.

Àmọ́ mọ́tò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kan tó ń ra kòkó ń lọ sílé lọ́dún 1953, ó fi mọ́tò kan sílẹ̀ tó ti ń rìn kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú pátápátá, adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Ọ̀ṣúndé kó gbogbo ohun tó rí kó jọ lọ́dún méje, ó fi rà á. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi okùn wọ́ ọ dé Odode ní Ìdànrè. Iná iwájú rẹ̀ tóbi bí abọ́ iyán, irin abẹ́ rẹ̀ ò dípẹtà rárá! Ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù kó rí.

Olútúndé ò fẹ́ kó lọ. Níwájú àwọn àgbà àdúgbò ló ti là á sílẹ̀ fún un: lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ kó kòkó ọdún yẹn lọ sí Odode, mọ́tò yẹn ni kó kó o. Bó bá kó o dé, Ọ̀ṣúndé ti di dẹ́rẹ́bà nìyẹn, òun á sì máa gbé gbogbo ẹrù òun fún un. Bí kò bá kó o dé, kó padà sínú oko, kóun má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láé. Ọ̀ṣúndé gbà.

Ẹ́ńjìnnì méjì tí wọ́n ń tà ló wà ní Odode nígbà náà. Ti Ignatius mẹkáníìkì jẹ́ kékeré, ó yọ ọ́ lára mọ́tò tíṣà kan tó já sí kòtò. Ó bá mọ́tò Ọ̀ṣúndé mu rẹ́gí. Lọ́jọ́ tí Ignatius fi irin yí i kó lè ṣiṣẹ́, mo gbé ife omi lé e lórí, omi náà ò mì. Ìkejì jẹ́ ti Adégòkè tó ní lọ́rì. Ńlá ni, ṣùgbọ́n bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ṣe ló ń lu ara rẹ̀ nínú gbì-gbì, bí ẹni ń fi irin gún iyán. Ẹni tó bá ti dúró sí ṣọ́ọ̀bù Ignatius fún ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti jẹ tán nínú.

Ọ̀ṣúndé yí méjèèjì ká. Ó dẹ etí sí ọ̀kan, ó dẹ etí sí èkejì, bí ẹni ń gbọ́ àpò kòkó. Adégòkè rí i.

“Ará Ìkìrun, ìwọ tó gbọ́n yìí, kí ni wọ́n ń ṣe fún kòkó tí kì í fi í dún?”

“Omi ni wọ́n ń bù sí i, ẹ̀gbọ́n.”

“Òrí ni wọ́n ń yọ́ sínú ẹ́ńjìnnì tí kì í fi í dún.”

Òótọ́ ni, àwọn dẹ́rẹ́bà kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Ignatius ò ṣe é, gbogbo gáréèjì sì mọ̀. Ṣe ni wọ́n doríkodò kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀ṣúndé kọjú sí Ignatius lójú gbogbo wọn.

“Ọ̀gá Ignatius, ẹ́ńjìnnì tiyín yìí dákẹ́ jù. Kí lẹ rọ sí i?”

Ọkùnrin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà láràárọ̀ ni Ignatius, ẹnikẹ́ni ò pè é lólè rí. Ìdè kan ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá tú u, ọ́ìlì á ṣàn jáde, Ọ̀ṣúndé á fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí òrí níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tó kéèyàn jẹ obì tán. Kò tú u. Ó nu ọwọ́, ó bi í pé èwo ló fẹ́. Ọ̀ṣúndé nawọ́ sí ti Adégòkè.

“Eléyìí ò fi nǹkan pamọ́.”

“Ó dáa,” ni Ignatius wí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé e sínú mọ́tò náà. Kí n má purọ́, iṣẹ́ yẹn dùn ún wò! Ó gé irin, ó jó irin mọ́ irin, ó dá ihò sí ìdérí iwájú kí orí ẹ́ńjìnnì lè yọ síta. Lọ́jọ́ kẹta mo bi í bóyá kò ní sọ fún Ọ̀ṣúndé pé ẹ́ńjìnnì náà ti jẹ tán.

“Olè ló pè mí,” ló wí. “Iṣẹ́ tó bẹ̀ mí ni mò ń ṣe.” Ó sì fún ìdè le.

Èmi náà ò sọ. Mo fẹ́ rí bí ẹ́ńjìnnì ńlá ṣe máa gbé mọ́tò kékeré.

Ọjọ́ kòkó pé. Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n di àpò mẹ́fà síbẹ̀. Olútúndé jókòó níwájú. Èmi dúró sórí irin ẹ̀gbẹ́. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, mọ́tò náà sáré ju ohun tí mo rò lọ, àwọn òkè ń dá ariwo rẹ̀ padà fún wa. Ọ̀ṣúndé ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

“Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe gbẹ!”

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ṣáájú Odode. Ìdajì rẹ̀ la gùn. Nǹkan dún gbì, ọ̀pá kan fọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, ọ́ìlì gbígbóná tú sójú ọ̀nà. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fi òkúta há táyà kí a má baà yí padà sísàlẹ̀.

Olútúndé sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ọ̀ṣúndé ní kó jẹ́ kóun sáré lọ pe Ignatius.

“Kòkó mi kì í sun ojú ọ̀nà. Gbé e.”

Ọ̀ṣúndé wo ojú rẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀ ló fi ru àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú gáréèjì ló sì ń gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀ ọ́. Adégòkè ń bi í pé ṣé ti orí rẹ̀ yìí náà gbẹ. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Ignatius kọ ẹ̀yìn sí i. Níbi àpò karùn-ún, nǹkan dún lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣì lọ gbé ẹ̀kẹfà. Láti ọjọ́ náà, ọrùn yẹn ò tọ́ mọ́, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó wà lóko Olútúndé di òní. Bí ẹ bá rò pé mò ń purọ́, ẹ gba ọ̀nà Atosin. Mọ́tò náà ṣì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, Olútúndé ló ń sá kòkó sórí rẹ̀, Ọ̀ṣúndé ló ń yí i. Ẹ má bi í ní nǹkan kan nípa mọ́tò o, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ ṣáà tẹ̀ ba síwájú mọ́tò náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sínú ihò tí ọ̀pá yẹn fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.